Bí Mo Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Wá Múráínà Káàkiri Boston

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Èmi Rájí tí mo wà lókè òkun ni mo kí yín láti ìlú Dublin. Ẹ kú ara líle, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú òtútù ìdájí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Rábì tó ń tọ́jú yín, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Mo kí Bàbá Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa. Mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo sì kí ẹ̀yin ahunṣọ tí ẹ jókòó sí ojúde, tí ẹ̀ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé yìí. Ẹni tó bá ń kà á fún Ìyá, kó rọra kà á, kó má sì fo ibì kankan nítorí pé ó rò pé ó máa dùn wọ́n.

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí irú ọmọ tí ẹ bí, nítorí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri mọ́ṣáláṣí níbí pé mi ò láàánú. Èmi ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta nígbà tí ojú bàbá wa ń dùn ún, tí òfì híhun dáwọ́ dúró. Èmi ni mo ru sìmẹ́ńtì ní Ìbàdàn títí irun àárín orí mi fi re. Mo sùn nínú ilé tí wọn ò tíì kan pákó sí lórí, òjò pa mí, oòrùn sì gbẹ mí. Mo ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Kánò, táyà bẹ́, ọkọ̀ dojú dé, wọ́n fà mí jáde láàárín àpò ìrẹsì, mo gbọn ara mi, mo bèèrè ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tí mo dé Ireland, ilé kan létí òkun ní Dún Laoghaire ni wọ́n kó wa sí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gbá ni létí bí ìyá ọkọ tó ń bínú. A pọ̀ nínú yàrá kan, ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Mo fọ ìkòkò ní ilé oúnjẹ títí ọṣẹ fi jẹ ọwọ́ mi funfun. Ọmọdé kan pariwo lé mi lórí lójú títì pé kí n padà síbi tí mo ti wá. Mo ní màá padà lọ́jọ́ tó bá wù mí, mo sì ń bá tèmi lọ.

Lónìí ńkọ́? Bí ẹ bá dé Grange Castle láàárọ̀, níbi tí àwọn òyìnbó ń po oògùn ìgbàlódé, tí wọ́n sì ń to ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bí ẹni to ẹ̀bẹ, ọkọ̀ tí ẹ máa rí lẹ́nu géètì, tí wọ́n kọ orúkọ mi gàdàgbà sí lára, tèmi ni. Èmi ni mo gba iṣẹ́ fífọ gbogbo ọ́fíìsì wọn. Àwọn òyìnbó wà lára àwọn tó ń bá mi nu ilẹ̀. Mísítà Rájí ni wọ́n ń pè mí. Mo ra ilé sí Finglas. Mo gba ìwé ọmọ ìlú, pupa rẹ̀ ń dán, wọ́n ya háàpù, ohun èlò orin olókùn wọn, sí iwájú rẹ̀. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé ń wá bá mi pé kí n bá àwọn ọmọ wọn wá iṣẹ́. Ọlọ́run ló ṣe é, apá mi náà sì ṣe é.

Ìlú yìí dùn lásìkò yìí. Ilé ń hù bí olú lẹ́yìn òjò, kíréènì dúró káàkiri ojú ọ̀run bí ọ̀bọrọ̀ igi. Ẹni tó ní ọwọ́ méjì kì í wá iṣẹ́ tì. Ṣùgbọ́n òjò ibí kò ní àsìkò, ó kàn ń rọ̀ ṣáá ni, kò sán ààrá, kò dá, kò sì pọ̀ tó ohun tí ènìyàn máa sá fún. Ìyàwó mi ń ṣọ́ àwọn arúgbó lóru, èmi ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, ẹnu ọ̀nà la ti máa ń kí ara wa bí ọlọ́dẹ méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bí mo bá bá àwọn ọmọ sọ Yorùbá, wọ́n gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n òyìnbó Dublin ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Bí mo bá béèrè pé ṣé wọ́n ti jẹun, wọ́n á ní, "Grand, Da," ìyẹn ni pé ó dáa, Bàbá. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Nínú ilé tí mo fi òógùn mi rà, èmi nìkan ni mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ dé ìparí.

Ẹ rántí ohun tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù lẹ́yìn ààwẹ̀. Mo ní kí ni kí n fi ránṣẹ́. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ aṣọ, ẹ ò fẹ́ oúnjẹ, ẹnu yín kò gba ẹran mọ́. Ẹ ní Múráínà ni ẹ fẹ́, àbígbẹ̀yìn yín, àbúrò mi kan ṣoṣo. Ẹ ní ikú ti kan ilẹ̀kùn, ẹ sì ti ní kó ṣì jókòó síta ná, pé ẹ̀ ń retí ẹnìkan. Ẹ ní kí n bá yín mú un wálé kí dídúró tó sú ikú, kó tó wọlé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé Amẹ́ríkà lásán ni? Mo ní bó wà nínú ihò àpáta, màá fi etí fà á jáde.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Múráínà kọ lẹ́tà nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, pé ó fi àwòrán ránṣẹ́, tó wọ kóòtù ńlá nínú yìnyín, lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ọdún ń gorí ọdún, a ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Èmi ni mo wá ojútùú rẹ̀. Mo bèèrè lọ́wọ́ tibí, mo bèèrè lọ́wọ́ tọ̀hún, títí mo fi gbọ́ nípa Bàbá Sèkinà, ọmọ Ìsẹ́yìn bíi tiwa, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Boston. Ó ní òun rí ọkùnrin kan níbi ìrun Iléyá, tí àbàjà ojú rẹ̀ jẹ́ ti ilé wa gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kì í bá ènìyàn ṣe, bí ìrun bá ti parí ló ń lọ. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò pamọ́ sí láàárín ìlú, ṣùgbọ́n òun kò mọ èwo nínú wọn. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ọkùnrin náà máa ń jáde lọ́sàn-án láti na ẹsẹ̀ lórí ìlà pupa. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí mo bá dé, màá rí i.

Mo dá iṣẹ́ dúró, mo wọ ọkọ̀ òfurufú. Aṣọ́bodè Amẹ́ríkà tó wà ní pápákọ̀ Dublin bi mí kí ni mò ń lọ ṣe. Mo ní mo fẹ́ fẹsẹ̀ rin ìlú àtijọ́ wọn, kí n wò ó. Ó ní inú mi máa dùn sí i, kí n wọ bàtà tó rọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn ín.

Ìyá mi, ìlà pupa wà lóòótọ́. Bíríkì ni níbòmíràn, ọ̀dà ni níbòmíràn. Wọ́n fà á láti pápá koríko ńlá kan láàárín ìlú, ó gba iwájú gbogbo ilé àtijọ́ wọn kọjá, ó gba àárín ọjà, ó gun afárá lọ sí òdìkejì omi, ó lọ parí síbi òpó òkúta gíga kan lórí òkè. Ẹni tí kò mọ̀wé kò lè sọnù níbẹ̀. Ó dà bí òwú tí bàbá wa máa ń nà sí ojúde kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún, tí á gùn débi pé àwa ọmọdé á máa fò ó kọjá. Láràárọ̀ ni Bàbá Sèkinà ń sọ̀ mí sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó tó lọ wa bọ́ọ̀sì. Èmi á gbá a mú, màá tẹ̀ lé e dé òpin, màá tún padà. Ojú gbogbo ọkùnrin dúdú tó bá kọjá ni mò ń wò, mò ń wá àbàjà.

Wọ́n ní pápá koríko yẹn, àwọn baba ńlá wọn ló ń da màlúù níbẹ̀. Àwọn àlejò ń ya àwòrán rẹ̀. Mo ní kí ni ti ìyanu níbẹ̀, ní Ìsẹ́yìn màlúù ṣì ń bẹ nínú oko wa tí a kò pè é, kò sì sí ẹni tó wá ya á. Ilé ìjọba wọn wà lókè ibẹ̀, wọ́n fi wúrà bo orí rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìlà náà wọ ibi ìsìnkú kan, láàárín ilé àwọn olówó. Òkúta dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n rì mọ́ orí sàréè, wọ́n gbẹ́ agbárí òkú tó hu ìyẹ́ sí i lára. Mo bi obìnrin kan tó ń kà á, mo ní àwọn ọmọ wọn dà, tí kò sí ẹni tó ń tún ibẹ̀ ṣe. Ó ní ó ti pẹ́ jù, kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ́. Mo ní a kì í pẹ́ débi pé a ò ní lẹ́nìkan. Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ ìsọkúsọ.

Ọkùnrin kan wọ aṣọ ayé àtijọ́, fìlà onígun mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún, ó ń kó èrò lẹ́yìn kiri, ó ń ròyìn fún wọn. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ó ní nítorí owó orí ni àwọn baba wọn fi kọ ọba wọn sílẹ̀, pé wọ́n da tíì sínú omi. Gbogbo wọn ń mi orí. Mo ní ìyà wo ni ẹni tó rí tíì dà sómi ti jẹ? Tíì òwúrọ̀ ni mo fi gbé odindi ọjọ́ ní Dún Laoghaire. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, ọ̀gbẹ́ni onífìlà náà kò rẹ́rìn-ín.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan láti mu kọfí kí ẹsẹ̀ mi lè sinmi. Ọkùnrin tó ń tà á bi mí níbo ni mo ti wá. Mo ní Dublin. Ó ní irọ́ ni. Mo yọ ìwé ìrìnnà mi, mo nà án sí i lójú. Ìyá mi, ọkùnrin yìí fò jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó dì mọ́ mi. Ó ní Galway ni ìyá ìyá òun ti wá, pé ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ó pe àwọn tó jókòó síbẹ̀, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ kí àwọn gbọ́ ohùn ilé. Mo ní, "What's the craic?" ìyẹn ni pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, bí àwọn ọmọ Finglas ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Ó kọ̀, kò gba owó kọfí. Bí mo ṣe jáde, mo ń rò ó pé àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ mí rí, wọ́n sì gbà mí mọ́ra. Mo ní bí Múráínà bá rí mi ńkọ́, kí ni kò ní ṣe?

Lálẹ́, ìyàwó Bàbá Sèkinà á bu omi iyọ̀ fún mi láti ki ẹsẹ̀ bọ̀, nítorí ó ti wú. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra ìlú náà ni, tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́?" Mo ní bí wọ́n bá tà á, màá dúnàá dúrà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà, inú mi dùn, ó dá mi lójú.

Ibì kan wà lẹ́bàá ìlà náà tí wọ́n fi idẹ mọ ère àwọn ará Ireland tí ìyàn lé wá sí Boston láyé àtijọ́. Ìdílé kan rù hangogo, obìnrin àárín wọn kúnlẹ̀, ó gbé ojú sókè. Ìdílé kejì ti rí jẹ, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n ń kánjú lọ, ara wọn yá gágá. Mo dúró, mo wo èyí tó ti rí jẹ. Mo ní èmi rèé. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí Múráínà.

Láàárín èrò ló ti ń bọ̀, lórí ìlà pupa gan-an. Ojú bàbá wa ni, Ìyá mi, wọ́n kàn bu eérú díẹ̀ sí i lórí ni. Àbàjà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ bí mi nínú. Ó gan bí ẹni tó gbé ọmọ odó mì, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó gbé àyà síwájú. Mo ní háà, Amẹ́ríkà ti wọ̀ ọ́ lára. Mo fi oríkì pè é. Mo ní, "Àkànní!" Ó dúró. Kò yí ọrùn, gbogbo ara rẹ̀ ló fi yí padà. Ó rí mi. Ó ní, "Bùrọ̀dá Rájí." Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi.

Ọwọ́, Ìyá mi. Sí èmi tí mo pọ̀n ọ́n. Èmi tí mo fọ ìgbẹ́ ìdí rẹ̀. Èmi tí mo fi ẹran àwo mi fún un ní ọjọ́ Iléyá. Àwọn olówó tó jù mí lọ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, kóòtù á kan ilẹ̀, kò já mọ́ nǹkan kan. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo dúró. Mò ń retí pé kó rántí ilé tó ti jáde wá. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Àwọn èrò ń gba àárín wa kọjá. Mo ní Múráínà, ṣé báyìí ni wọ́n ń kí ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà? Ṣé mo ti di ẹgbẹ́ rẹ? Ó ní bùrọ̀dá òun, kí n jọ̀ọ́, kí n gbà á bẹ́ẹ̀, kí n ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀ lónìí. Mo ní èmi tí òyìnbó ń pè ní Mísítà, ṣé mo la òkun kọjá wá bọ ẹni tí mo kọ́ ní ìrìn lọ́wọ́ ni? Mo ní ilẹ̀ rèé. Mo tọ́ka sí i.

Ó wo ilẹ̀ náà. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni fẹ́ ṣe é, ojú rẹ̀ le, òógùn yọ níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Mo ní ìgbéraga ló ń bá a jà. Ó tún nàró. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ilẹ̀ ti jìnnà sí mi."

Mo gbà á bí àrífín. Mo pariwo. Mo ní ọmọ tí ilẹ̀ bá jìnnà sí, kí ló fẹ́ wá ṣe nílé bàbá rẹ̀? Èrò dúró, wọ́n ń wò wá. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní ṣé Ìyá wà láàyè. Mo ní wọ́n wà, kì í ṣe nítorí tìrẹ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó fi gbogbo ara yí padà, ó sì lọ. Mi ò tẹ̀ lé e. Àgbà kì í sáré tẹ̀ lé àbúrò lójú ọjà.

Mo padà sílé Bàbá Sèkinà, mo wọ agbádá, mo jókòó sí pálọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Ọmọ tó bá ṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á lọ wá àgbàlagbà méjì, mẹ́ta, á kó wọn wá bẹ̀bẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi á bínú díẹ̀, wọ́n á bẹ̀ mí, màá dárí jì í, a ó jẹun, màá sì jíṣẹ́ yín fún un. Mo ní kí ìyàwó ilé se oúnjẹ tó pọ̀. Mo jókòó títí oúnjẹ fi tutù. Bàbá Sèkinà ti ibi iṣẹ́ dé, ó bi mí ta ni mò ń retí. Mo ròyìn fún un. Ó ní ṣé mo sọ ibi tí mo dé sí fún un? Mi ò sọ. Ó ní ta ni yóò wá sọ fún un?

Ó mú fóònù, ó pe bàbá kan láti Gambia, tí wọ́n jọ ń kírun. Èyí tó gbọ́ mú kó jókòó sílẹ̀ kó tó sọ ọ́ fún mi. Bàbá náà ní orí òrùlé ni Múráínà ti já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kọ́lékọ́lé, ó ti pẹ́. Wọ́n fi irin to egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Kò lè tẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀. Orí àga ló ti ń kírun. Ó ní kò kọ lẹ́tà sílé mọ́ láti ìgbà náà, pé ó máa ń sọ pé ẹni tí kò ní nǹkan tó máa fi ránṣẹ́, kí ló fẹ́ kọ? Ìrìn ọ̀sán yẹn, dókítà ló ní kó máa rìn ín, kí ara rẹ̀ má bàa di igi. Bàbá Sèkinà wò mí. Ó ní, "Ẹni tí kò lè forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, Alàgbà, ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ fún?"

Mo ní ta ló sọ fún mi? Ṣé wọ́n kọ ọ́ sí iwájú orí rẹ̀ ni? Mo ní ṣebí ó ní ẹnu. Bàbá Sèkinà ní ó ní ẹnu, ṣùgbọ́n tèmi kò jẹ́ kí tirẹ̀ ráyè. Mo ṣì ń sọ ọ́ títí dòní, Ìyá mi, pé ó yẹ kó wí. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ló ti jáde wá. Bó bá jẹ́ èmi ni mo já bọ́ lórí òrùlé, ṣé màá wí?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ tí bàbá Gambia náà fún wa, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ, mi ò dúró de bọ́ọ̀sì. Abẹ́ pápá koríko tí mò ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, Ìyá mi. Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ọmọbìnrin tó wà nínú àpótí onígíláàsì ní ó ti wá kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́, kò sì sọ ibi tó ń lọ. Nílé tó háyà yàrá sí, wọ́n ní ó ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo padà sórí ìlà pupa. Mo rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń ké Àkànní bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Mo gun òpó òkúta náà, àtẹ̀gùn tí kò lópin, àyà mi ń lù. Lókè pátápátá, mo rí gbogbo ìlú náà, omi rẹ̀, afárá rẹ̀, orí wúrà ilé ìjọba wọn. Àwọn ènìyàn kéré nísàlẹ̀ bí ìdin, mi ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Dublin, Bàbá Sèkinà ń bá mi wádìí. Àwọn kan ní ó ti lọ sí Texas, àwọn kan ní wọn ò mọ̀. Kò tún dé mọ́ṣáláṣí Boston yẹn mọ́. Ẹni tó bá dọ́gbọ́n farapamọ́ fún wa nígbà tí kò tíì bínú, báwo la ṣe fẹ́ rí i nísinsìnyí? Mi ò ní purọ́ fún yín láti mú yín lọ́kàn le. Mi ò rò pé ẹ máa rí i. Mi ò rò pé èmi náà máa rí i mọ́.

Ní mọ́ṣáláṣí níbí, àwọn kan ń gbè mí lẹ́yìn. Wọ́n ní àṣà ni àṣà, pé bí a bá fi àyè gba ọwọ́ nínà, ọ̀la ni àwọn ọmọ á máa gbá wa lórí. Ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi ì bá sọ ni. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kò sì dùn mọ́. Nímótà, ọmọ mi obìnrin, ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún un. Ó dáwọ́ dúró níbi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn. Ó ní, "But Da, you shake hands with everyone." Òótọ́ ló sọ. Láràárọ̀ ní Grange Castle, àwọn ọmọ òyìnbó kéékèèké tí kò tíì hu irùngbọ̀n, tí wọ́n fi jẹ ọ̀gá, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí wọn. Mo ní kó máa tẹ ìwé lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ọmọ Ìsẹ́yìn bá wà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá rí ọkùnrin alábàjà tí kò lè tẹ ẹ̀yìn, kó sọ fún un pé Ìyá ń bèèrè rẹ̀. Kó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀, kó ṣáà wálé.

Ìyá mi, Ọlọ́run á fún yín ní okun. Ìrora ara á fúyẹ́. Ojú yín kò ní rí ohun tó ju èyí lọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí Bàbá Ìmáàmù, ẹ kí àwọn tó ń bá yín pọn omi àti àwọn tó ń bá yín jí sùn. Kí Ọlọ́run má fi àwọn ọmọ tí a bí ṣe àwátì lójú ayé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi Rábì sọ fún mi lórí fóònù pé ojú yín kò ríran dáadáa mọ́, pé gbogbo ẹsẹ̀ ọkùnrin tó bá wọ yàrá yín, Múráínà ni ẹ ń pè é, pé ẹ̀ ń sún fún un lórí bẹ́ẹ̀dì kó lè jókòó. Mo ti fi iṣẹ́ lé ìyàwó mi lọ́wọ́, mo sì ti gba ìwé ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ń bọ̀ nílé. Bí ẹ bá gbọ́ ẹsẹ̀ tó wúwo lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ rẹ̀. Èmi nìkan ni.

Ọmọ yín,
Rájí